Ẹnì kan fẹ́ ra igbó ẹbí wa, ó ní òun ò ní fi ṣe nǹkan kan

Ìyá Onípákó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní ẹbí wa. A ti ṣe ìpàdé lé e lórí, ariwo la fi tú ká. Ni mo bá ní kí n gbé e wá síbí, bóyá ẹni tí kò sí nínú ìjà á lè bá wa wò ó dáadáa.

Ganmọ́ ni mo ti ń ta pákó. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, láti ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn. Mi ò ní dárúkọ abúlé wa. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ lálẹ́ yìí, àwọn tó ń wá igi kósò á ti gbé ṣéènsọ́ọ̀ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá kúrò lójú títì á gun ọ̀kadà, ibi tí ọ̀kadà bá dúró sí, ẹsẹ̀ ló kù. Odò kan wà láàárín tí kò ṣeé là kọjá tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an. Ẹ̀yìn odò yẹn ni igbó wa wà, ó lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè, ó sì gun òkè díẹ̀. Àwọn bàbá wa dáko sí etí rẹ̀, wọn ò dáko sí inú rẹ̀: àpáta pọ̀ níbẹ̀, ojúbọ kan sì wà lápá kan tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kí ọkọ́ kàn. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó pa run títí di òní. Ẹ má rò pé ọgbọ́n wa ni o.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá olórí ẹbí wa. Ọmọ Yorùbá ni, kì í ṣe ọmọ Kwara, Houston ló ń gbé. Ó ní òun fẹ́ ra gbogbo igbó náà. A ní kí ló fẹ́ fi ṣe, ṣé kaṣú ló fẹ́ gbìn? Ó ní rárá. Ṣé òkúta ló fẹ́ fọ́? Rárá. Ṣé ilé ìgbafẹ́ ló fẹ́ kọ́, bóyá nítorí àwọn tó ń lọ wo omi Òwu tó ń já láti orí àpáta? Rárá. Ó ní òun fẹ́ kó wà bó ṣe wà ni. Kí ẹranko máa jẹ̀, kí igi máa dàgbà, kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rín pa àwọn ọ̀dọ́. Àbúrò bàbá mi kan ní wúrà lọkùnrin náà rí níbẹ̀, kò fẹ́ sọ ni. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń wa kùsà ló rán an. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ta ló máa ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí kó lè máa wo igi?

Ó wá fi fídíò kan hàn wá lórí fóònù. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan ni, Douglas Tompkins, òun ló dá The North Face sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkùnrin náà lówó tán, ó lọ sí gúúsù orílẹ̀-èdè Chile ní 1991, níbi tí kò sí ọ̀nà tí kò sí iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra igbó, kò gé e, kò kọ́lé sí i. Ohun tí òun náà fẹ́ ṣe nìyẹn, ó ní.

Èmi tí mò ń ta pákó, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí igi. Pákó tó ń dé ṣọ́ọ̀bù mi nísinsìnyí, igi tí kò gbó ni wọ́n là. Bí káfíńtà bá kan ìṣó mọ́ ọn, á là sí méjì, á wá máa bú mi bí ẹni pé èmi ni mo bí igi. Pákó igi apá tó nípọn, tó dúdú, tí a máa ń rí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò, ó ti di ohun tí èèyàn ń bẹ onísọ́míìlì kó bá òun wá. Nínú igbó wa, apá wà. Ìrókò wà. Kósò wà. Torí náà inú mi dùn díẹ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọ̀dàn tó wà létí igbó yẹn ni àwọn obìnrin abúlé ti ń ṣa òrí láti oṣù karùn-ún lọ. Owó òrí, owó wọn ni, ọkọ kan kì í béèrè bí wọ́n ṣe ná an. Bí ọkùnrin yìí bá ra ibẹ̀, tó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Àwọn ọdẹ ńkọ́, àti àwọn tó ń lọ sí ojúbọ lọ́dọọdún? Bí ọkùnrin náà bá sì kú, tí ọmọ rẹ̀ tí kò dé Kwara rí bá tà á fún onígi, ta la máa mú?

Ẹ bá mi dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tí kò mọ̀ má wulẹ̀ sọ.

Lọ́yà Tańkẹ̀

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìwé òfin ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n mú apá tèmi.

Rírà pátápátá tí ọkùnrin yẹn ń sọ, kò sí i ní Nàìjíríà láti 1978 tí wọ́n ti ṣe Land Use Act. Gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà, ó ń bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ẹbí yín ní ni ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀. Òfin sì kà á sí pé ìjọba ìbílẹ̀ ló fún yín ní ẹ̀tọ́ ọ̀hún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bàbá yín ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn nìkan lẹ lè gbé fún un, ẹ ò sì lè gbé e láìjẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ààlà: tó bá ju 500 hẹ́kítà lọ fún iṣẹ́ oko, tàbí 5,000 hẹ́kítà fún ẹran jíjẹ̀, ọ̀dọ̀ gómìnà lọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ wọn ilẹ̀ yín kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ìran mélòó ló ni ín? Ẹ̀ka kan ò lè tà á lẹ́yìn òmíràn. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà ẹbí, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, kò tilẹ̀ tà rárá lójú òfin.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti ọkùnrin yẹn jọ gbọ́ ni ti owó gbà-má-bínú. Gómìnà lè gba ilẹ̀ padà fún ohun tó kan gbogbo ìlú, wíwa kùsà sì wà lára ohun tí òfin dárúkọ. Ti kùsà ní òfin tirẹ̀ lórí owó. Bó bá gbà á fún ohun mìíràn, kí ló ń san? Ó ń san owó ilé tí ẹ kọ́ síbẹ̀, owó ohun tí ẹ fi tún ilẹ̀ ṣe, owó irè oko tí ẹ gbìn. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ìṣákọ́lẹ̀ tí ẹ san lọ́dún náà, bí ẹ bá tilẹ̀ san. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ro igbó, tó gbin kaṣú, ní nǹkan tí wọ́n á kà fún un. Ẹni tó fi igbó sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, tí kò gbìn, tí kò kọ́lé, òfin ò rí ohun tó ṣe. Ìrókò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn kò sí nínú ìṣirò. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi tipẹ́ pé òfin yẹn, ẹni tó ń ṣán igbó ló mọ̀.

Ọ̀rọ̀ wúrà tí àbúrò bàbá yín sọ, bó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó bá rà á. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má tà á, ẹ yá a fún un, kó máa sanwó rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà tó ń gbé, onílẹ̀ lè fi ìwé de ilẹ̀ ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kọ́lé sí i láé. Àjọ kan á di ìwé náà mú, ìdè ọ̀hún á sì tẹ̀ lé ilẹ̀ dé ọwọ́ ọmọ àti ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ ọmọ. Níbí, ìwé ìyálẹ̀ tó ní òfin nínú ló sún mọ́ ọn jù. Bó bá gé igi, ìwé parí. Bí ọmọ rẹ̀ bá gbé e fún ẹlòmíràn láìsọ fún yín, ìwé parí.

Alhaji Pákátà

Àsàlámù àlékùn. Ẹ̀yin èèyàn yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ tà á, ẹ pín owó, kí olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Bí ẹ ò bá tà á fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀, àwọn tó ń sun èédú á kó o lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ò sì ní rí kọ́bọ̀. Ẹ gba ọ̀nà Jẹ́bà, ẹ wo àpò èédú tó tò sẹ́bàá ọ̀nà. Igi tó wà nínú àpò yẹn, ṣé ẹbí kan kọ́ ló ni ín? Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tí Ọlọ́hun fi mú un kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Onípákó

Wa alékù sàlámù, Alhaji. Ọ̀rọ̀ yín ò dùn, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ti wá sun èédú lápá ìsàlẹ̀ odò lọ́dún tó kọjá, eérú ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n tí a bá pín owó yìí láàárín ìran mẹ́ta, kò sí ẹni tí tirẹ̀ máa tó ra kẹ̀kẹ́ márúwá kan.

Lọ́yà, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti gbà-má-bínú yẹn ya mi lẹ́nu. Ìyẹn ni pé tí mo bá gbin kaṣú méjì síwájú igbó, mo ti sàn ju igbó lọ!

Ọmọ Àrán Lókè Òkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, Inverness ní òkè Scotland ni mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí olówó bá ra igbó kìjikìji, ibí ni kí ẹ wá. Àwọn tó ní ìdajì ilẹ̀ aládàáni ní ìgbèríko Scotland kò tó 500 èèyàn. Ẹ̀yin ẹ máa bínú pé ìran mẹ́ta ló ni igbó kan. Níbí, ẹnì kan ló ni òkè mélòó kan pẹ̀lú odò tó wà láàárín wọn.

Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ Denmark ni, oníṣòwò aṣọ, Anders Povlsen. Ó ra ibì kan tí wọ́n ń pè ní Glenfeshie ní 2006, ó ní ohun tí òun ń ṣe yóò gba 200 ọdún, ìyẹn ni pé ojú òun gan-an ò ní rí i. Mo ti dé ibẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n kàn fi igbó náà sílẹ̀ ni. Kò sí ìkookò ní Scotland mọ́, àgbọ̀nrín wá pọ̀ débi pé bí igi páínì bá ti yọ orí, wọ́n á jẹ ẹ́. Igi àgbà ló kù, kò sí ọmọ igi. Yíyìnbọn pa àgbọ̀nrín lọ́pọ̀lọpọ̀, lọ́dọọdún, ló gbé igbó yẹn dìde. Ìbọn ló tọ́jú igi. Àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba owó oṣù. Ẹ bi ọkùnrin Houston yẹn: ta ló máa san owó oṣù fún?

Ohun kejì. Bí olówó ṣe ní ilẹ̀ tó níbí, kò lè lé mi kúrò lórí rẹ̀. Òfin 2003 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti rìn kọjá lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ṣáà má ba nǹkan jẹ́. Wọn ò ní jẹ́ kí n ṣọdẹ, wọn ò ní jẹ́ kí n gé igi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi lómìnira. "Kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́" tí tiyín ń sọ, olówó Scotland gan-an ò lè sọ ọ́.

Ẹ tún gbọ́ ti erékùṣù Eigg, ní Scotland níbí. Àwọn ará ibẹ̀ ò tó ọgọ́rùn-ún nígbà yẹn, olówó kan á ta erékùṣù náà fún olówó kejì lórí wọn, wọn ò ní mọ̀ títí ìwé á fi dé. Ní 1997, àwọn, ìjọba ẹkùn wọn, àti ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ẹranko kó owó jọ, wọ́n rà á ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn. Ọ̀pọ̀ owó náà, ọrẹ ni. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ní ibẹ̀ báyìí, igbó wọn àti ẹyẹ wọn ò sì tìtorí ìyẹn pa run. Mo mọ̀ pé ẹbí yín ti ní ilẹ̀ tiyín tẹ́lẹ̀. Ohun tí àwọn ará Eigg fi ọ̀pọ̀ ọdún wá lẹ̀yin fẹ́ tà.

Ọdẹ Ìsin

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Scotland. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ iná. Igbó tó wà láàárín ọ̀dàn bíi tiwa, iná ló ń pa á. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á sun koríko etí igbó lóṣù kọkànlá tàbí kí oṣù kejìlá tó jìnnà, nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù. Iná ìgbà yẹn ń rá nílẹ̀ ni, kò lágbára, ọmọdé lè fi ewé pa á. Tó bá jó tán, ibi tó jó yẹn á di ààlà. Bí iná burúkú bá wá dé lóṣù kejì, tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan tán, kò ní rí ohun tó máa jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sun ún tètè, iná oṣù kejì á gun igi, á wọ inú ẹgàn, gbogbo ọmọ igi á kú. Ẹ óò ṣì máa rí igi ńlá fún ọdún mélòó kan, ẹ óò rò pé igbó wà. Kò sí mọ́. Kò lọ́mọ.

Nítorí náà ẹni tó ní òun ò ní fọwọ́ kan igbó, iná á bá a fọwọ́ kàn án. Ta ló máa bá a sun koríko? Ṣé ẹni tó wà ní Houston?

Èkejì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ń yí i ká ni. Igbó tí ẹsẹ̀ èèyàn kò sí nínú rẹ̀ lóde òní, ẹ̀rù rẹ̀ ló yẹ kó bà yín. Ẹ rántí ohun tí ojú àwọn ará Èrúkú, ní Kwara wa níbí, rí lọ́wọ́ àwọn agbébọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù kọkànlá 2025. Ibo ni àwọn agbébọn ń gbà wọlé? Ibi tí ọdẹ kò dé mọ́ ni. Nígbà tí a ṣì ń lọ ṣọdẹ ìgalà àti ẹtu lóru, kò sí ipa ẹsẹ̀ àlejò tí a kì í rí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo mọ abúlé tí wọ́n ti pa oko tì, tí obìnrin ò lè lọ ṣa òrí mọ́ láìsí ọdẹ níwájú àti ọdẹ lẹ́yìn. Ìyẹn náà, igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ni. Ṣé irú èyí ló fẹ́?

Ẹ má gbà kó lé ọdẹ kúrò. Kó sọ ẹranko tí kò fẹ́ kí á pa, a lè bá a jókòó lórí ìyẹn. Ìjímèrè, èmi ò pa á mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n kó sanwó fún àwọn ọmọ abúlé tó mọ ilẹ̀ láti máa rìn ín. Ẹni tó jẹ owó níbẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí onígi wọ ibẹ̀.

Agùnbánirọ̀ Àtijọ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ iná yẹn, wọ́n kọ́ wa ní fásitì ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ wa báyìí.

Màmá, mo mọ ìtàn Tompkins dáadáa, ẹni tó fi fídíò hàn yín kò dé ìparí rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní Pumalín, ohun tí ẹbí yín ń sọ gan-an ni àwọn ará Chile sọ. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Chile ti tín-ín-rín, tirẹ̀ sì lọ láti ẹ̀gbẹ́ ààlà Argentina títí dé etí òkun. Àwọn olóṣèlú àti ológun pariwo pé ó fẹ́ gé orílẹ̀-èdè sí méjì. Àwọn kan ní ó fẹ́ kó pàǹtírí núkílíà wá sin síbẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó gbà pé èèyàn lè ra igbó kó má fi ṣe nǹkan. Àbúrò bàbá yín ò dá wà!

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan kì í sì í ṣe àròsọ. Ní 2004 òun àti ìyàwó rẹ̀ ra oko àgùntàn ńlá kan ní Chile, Valle Chacabuco. Wọ́n ta àgùntàn, wọ́n wú wáyà ọgbà kúrò kí ẹranko igbó lè máa rìn. Àwọn darandaran kan di ẹ̀ṣọ́ igbó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará ìlú ibẹ̀ bínú, nítorí pé àgùntàn ni wọ́n mọ̀, òun ni bàbá wọn mọ̀. Lójú tèmi, òrí tiyín ni àgùntàn yẹn.

Ìparí rẹ̀ nìyí: Tompkins ò tọ́jú ilẹ̀ náà fún ara rẹ̀. Ó kú lóṣù kejìlá 2015, ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń wà dojú dé nínú adágún tó tutù nini. Ìyàwó rẹ̀, Kristine, ló parí iṣẹ́ náà. Ní 2018 ó fi ilẹ̀ tó lé ní 400,000 hẹ́kítà lé ìjọba Chile lọ́wọ́, ìjọba náà fi tirẹ̀ kún un, wọ́n fi dá igbó ọgbà tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wọ ibẹ̀. Torí náà, bí ọkùnrin yín bá fẹ́ ṣe bíi Tompkins, kó ṣe é dé òpin. Ta ló fẹ́ fi í lé lọ́wọ́? Bó bá ní ìjọba, kó kọ́kọ́ wo igbó Kainji. Láti 1979 ló ti jẹ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀, apá kan rẹ̀ wà ní Kwara wa níbí, ní Kaiama àti Baruten. Àwọn agbébọn ti sọ ibì kan níbẹ̀ di ibùba. Bébà nìkan ò ṣọ́ igbó.

Èyí tí mo fi ojú ara mi rí, Cross River ni mo ti sin ilẹ̀ baba mi. Òkè Mbe wà níbẹ̀, ó wà láàárín igbó ìjọba méjì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba. Ìletò mẹ́sàn-án ló ni ín. Ìnàkí ńlá tí wọ́n ń pè ní gorilla wà níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo rẹ̀ láyé kò tó 300 mọ́. Àwọn ìletò yẹn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2005, ìletò kọ̀ọ̀kan ní aṣojú níbẹ̀, àjọ kan láti òkè òkun ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ọmọ ìletò ni wọ́n gbà ṣe ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ń jà láàárín ara wọn o, ẹ má rò pé ọ̀run ni. Ìjà owó, ìjà ẹni tó ń jẹ alága. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ta ilẹ̀, gorilla sì ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin Àrán—tàbí ọmọkùnrin, mi ò mọ̀—ti sọ èyí tó kù.

Ọmọ Àrán Lókè Òkun

Ọkùnrin ni, àbúrò 😄

Ìyá Onípákó

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lórí bébà, mo gbé e lọ sí ìpàdé ẹbí. Mo ní kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sókè. Nígbà tó dé ibi tí Bàbá Ọdẹ ti sọ̀rọ̀ iná, olórí ẹbí wa ní kó tún un kà.

A ti pe ọkùnrin Houston lórí fóònù. Mo sọ fún un pé a ò tà, a lè yá a fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á rò ó. Lọ́jọ́ kejì ó pè padà, ó gbà. Ti òrí, kò jà rárá: ó ní òun ò mọ̀ pé obìnrin ń ṣa nǹkan níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra igbó kò mọ ohun tó wà létí rẹ̀! Ojúbọ náà, ó gbà. Ti iná, ó ní kí a kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́ sí òun. Mo ní kò sí ohun tí a ń kọ, kó wá lóṣù kọkànlá, a óò fún un ní ewé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni ti ọdẹ. Kò fẹ́ kí ìbọn wọ ibẹ̀ rárá. Mo ka ohun tí Bàbá sọ fún un, mo tún fi ti Scotland kún un, pé ìbọn ló tọ́jú igi níbẹ̀. Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Olórí ẹbí wa gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kò yàtọ̀: bí kò bá sí ọdẹ, kò sí igbó, kó yan èyí tó bá fẹ́. Wọ́n ti wá fẹnu kò sí pé ọdẹ abúlé á máa rìn ín, òun á máa san owó wọn lóṣooṣù, ọ̀yà àti ẹtu nìkan ni wọ́n lè pa, òun náà á sì rí orúkọ àwọn ọdẹ lórí ìwé. Ẹnu la ṣì fi sọ ọ́, a ò tíì tọwọ́ bọ nǹkan kan. Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ẹbí ṣì ń bínú pé owó ìyálẹ̀ kéré sí owó títà. Àbúrò bàbá mi tó sọ pé wúrà wà nínú igbó, wọ́n rí i pẹ̀lú ṣọ́bìrì lẹ́bàá odò, ó ní òun ń wa ìdẹ ẹja ni.

Lọ́yà, ọ̀dọ̀ yín ni mo kù sí. Ọdún mélòó ló yẹ kí ìwé ìyálẹ̀ náà jẹ́? Ó ń béèrè mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, mo ní ẹni tí a ò mọ bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju ogún lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Sọ̀fíyọ̀ tí a rí ní Ìlọrin sì ń béèrè owó ní hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, ó ní òkè náà máa jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti wọn ilẹ̀ igbó lẹ́kùn Ifẹ́lódùn tàbí Ìsin láìpẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ iye tí ẹ san síbí, kí n lè mọ bó ṣe yẹ kí n dá a lóhùn kó tó wá ní Sátidé.